Ta ni kó di ìwé ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ eyín mú? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún yunifásítì

Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ eyín ní yunifásítì máa ń sin ọ̀gá méjì. Yunifásítì ló ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò, ìgbéga àti ìwé ìwádìí. Ilé ìwòsàn ló ni àga ìtọ́jú, yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì àti fáìlì aláìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé: ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ eyín tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Baltimore ní 1840 dá dúró láyè ara rẹ̀ ni. Nígbà tó di 1867, Harvard dá tirẹ̀ sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ yunifásítì. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n látìgbà náà ni olórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ́ ìpè ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tó jẹ́ ti ilé ìwé nìkan kì í sábà sọnù, èyí tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn nìkan náà kì í sábà sọnù. Èyí tó bá bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń wá títí.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ tí àwọn ẹ̀ka ń gbà ṣètò iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn. Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí ẹ̀ka, tàbí tí ẹ jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ tún ẹ̀ka tò. Mo ní èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, mi ò ní fi pamọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló bá mu.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Èsì àyẹ̀wò ẹran ara ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yẹ ẹnu aláìsàn wò, ó rí egbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tí kò jinná láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó pe dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i, ìyẹn gé ẹran bíńtín níbẹ̀, ó rì í sínú fọ́málìn, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù. Nígbà tí èsì fi máa padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ ti bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn, dókítà ti lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ ńlá, wọ́n sì ti sọ fún aláìsàn pé "a máa pè yín." Ta ló máa pè é? Bó bá ṣe pé jẹjẹrẹ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí bébà yẹn fi sùn nínú dúróà kọjá ohun tí a lè pè ní àìbìkítà ọ́fíìsì. Ètò yòówù tí ẹ bá ń gbèrò, bí kò bá lè fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ má wulẹ̀ wo ìyókù rẹ̀.

Èkejì ni bí àtúnṣe ṣe ń yá tó láti dé orí tábìlì. Ní 2003, Robert Marx, oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta pé egungun àgbọ̀n àwọn aláìsàn kan tó ń gba oògùn egungun pamidronate tàbí zoledronate ń kú, ó sì sábà máa ń hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín fún wọn. Láti ìgbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú kan eyín àgbàlagbà láìkọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti lo irú oògùn egungun bẹ́ẹ̀ rí. Ìlà kan ṣoṣo ni lórí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ta ló ni fọ́ọ̀mù yẹn? Ta ló lè tẹ tuntun jáde lọ́la, kí ó sì kó ti àtijọ́ kúrò nínú gbogbo dúróà tó wà nílé? Ẹ̀ka kan á ṣe é tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òmíràn á gbé e láti ìgbìmọ̀ dé ìgbìmọ̀ títí ọdún fi máa yí po.

Ẹ̀kẹta ni irinṣẹ́. Ẹni tó bá ka ìwé nìkan á rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀: ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi pa kòkòrò nílò ìṣẹ́jú 3 ní 134°C, tàbí ìṣẹ́jú 15 ní 121°C. Àmọ́ ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi fọ ẹ̀mú, tí wọ́n á gbẹ ẹ́, tí wọ́n á dì í, tí ẹ̀rọ á sì gbóná dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ó tún gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì tutù. Sẹ́ẹ̀tì kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sórí tábìlì. Bí ẹ̀ka bá ní àga 10, tí àga kọ̀ọ̀kan ń gba aláìsàn 3 láàárọ̀, sẹ́ẹ̀tì 30 ni wọ́n nílò, tàbí 15 tó máa yí po lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìdíwọ́ kankan. Ẹni tó ń kọ ọjọ́ fún aláìsàn àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe sábà máa ń wà lábẹ́ ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní iye eyín tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ lábẹ́ ojú olùkọ́ kí wọ́n tó jókòó ṣe ìdánwò, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn sì nílò ìbuwọ́lùwé ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìparí ìgbà ẹ̀kọ́ nígbà tí olùkọ́ ti gbàgbé ojú wọn.

Owó ni ẹ̀karùn-ún. Ẹ má ka owó oṣù nìkan. Wákàtí tí oníṣẹ́ abẹ fi ń wá rìsíìtì owó náà ni. Bí a bá pín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún inú ọ̀sẹ̀ sí ìdajì ọjọ́ lọ́nà 10, tí olórí ẹ̀ka sì ń fi 2 nínú rẹ̀ jókòó ti bébà, ìdá kan nínú márùn-ún agbára iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ibi tí ọ́dítọ̀ ti máa rí i.

Ẹ̀kẹfà kò gùn: bí ẹni tó mú iṣẹ́ náà dání bá lọ lónìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́la?

Olórí ẹ̀ka àti akọ̀wé kan

Èyí ló lọ́jọ́ lórí jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olórí, ó ní akọ̀wé kan tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, gbogbo ìpinnu sì ń gba orí tábìlì ọ̀jọ̀gbọ́n kọjá. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka kékeré tó rí báyìí mọ̀ pé ó lè dára púpọ̀. Bí ìwádìí tuntun bá jáde, olórí ẹ̀ka á pe akọ̀wé, wọ́n á yí fọ́ọ̀mù padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Kò sí ìgbìmọ̀. Èsì àyẹ̀wò ẹran ní ẹni tó ni ín: ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń bọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ fún aláìsàn. Lórí ìwé, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ibi tó ti máa ń dà rú ni ìgbà tí ẹ̀ka bá ń dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ dé, yàrá iṣẹ́ abẹ kejì ṣí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà ló sì ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi, ìwé ọjà, èsì ìdánwò àti lẹ́tà sí ilé ìwòsàn. Ó lọ sí ìpàdé àpérò fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo nǹkan dúró dè é. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì kún jù, ohun tó máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí ìyẹn ló fẹ́ràn. Kì í ṣe ìdánwò, nítorí yunifásítì á béèrè. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní tètè béèrè ló máa fi sílẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ irinṣẹ́, kíka ọjà inú sítọ̀, pípe aláìsàn tí kò padà wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í fẹ́ kọ sínú ìròyìn: nínú ọ̀nà yìí, akọ̀wé ni alákòóso ní tòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé wọn kò fún un ní orúkọ oyè, wọn kò sì san owó oyè fún un. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà, òun ló mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ní láàbù kí èsì lè yá. Ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ni ẹ̀ka máa mọ̀ pé òun kò ní ètò kankan, ènìyàn kan ló ní. Lórí ìbéèrè kẹfà wa, ọ̀nà yìí ló gba máàkì tó kéré jù.

Pínpín iṣẹ́ láàárín àwọn olùkọ́

Níbí, olórí ẹ̀ka á pín ẹrù náà. Dókítà kan mú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, òmíràn mú yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀kẹta mú ọjà àti irinṣẹ́, ẹ̀kẹrin mú ìwádìí. Wọ́n á máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn ẹ̀ka tí ọ̀jọ̀gbọ́n wọn kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláṣẹ tí kì í gba ìmọ̀ràn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ náà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń hàn nínú ìwé ìgbéga wọn pé àwọn ti ṣàkóso nǹkan.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà yìí dára ju gbogbo ìyókù lọ. Olùkọ́ kan ló mọ orúkọ wọn, ó mọ ẹni tí kò tíì rí eyín tó há sínú egungun yọ, ó sì lè pààrọ̀ ròsítà kí ọjọ́ tó lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kì í jókòó láìní ìbuwọ́lùwé.

Ìṣòro rẹ̀ wà ní ààlà láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Ṣé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni ti sẹ́ẹ̀tì tí kò tó fún kíláàsì, àbí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ẹni tó mú yàrá iṣẹ́ abẹ ló ni èsì àyẹ̀wò ẹran, tàbí ẹni tó mú ìwádìí, nítorí òun ló ń bá láàbù da nǹkan pọ̀? Dókítà mẹ́rin tó ní làákàyè á ro pé ẹlòmíràn ti pe aláìsàn. Bí ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ èsì kí ẹ tó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun mìíràn.

Ewu kejì rẹ̀ kò hàn bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù á ṣe fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà eyín. Ìlànà àgbáyé ISO 3950, tí FDI, àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn eyín, ń lò, fi nọ́ńbà méjì sọ eyín kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí apá ẹnu, èkejì ń ka eyín láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ètò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ka gbogbo eyín àgbàlagbà láti 1 dé 32. Bí ẹnì kan bá wá kọ "18" sórí fọ́ọ̀mù, lójú ẹni tó kọ́ ti FDI, eyín tó gbẹ̀yìn lókè lápá ọ̀tún aláìsàn ni. Lójú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì ni, èyí tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn. Yunifásítì ń gba olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi púpọ̀, nítorí náà kì í ṣe ìtàn lásán ni mò ń sọ. Eyín tí wọ́n bá ti ṣì yọ, wọ́n ti ṣì í yọ náà nìyẹn. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ pín iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí nọ́ńbà kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí gbogbo fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì tún kọ orúkọ eyín náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó, ó jọ pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìṣirò wákàtí. Bí olùkọ́ mẹ́rin bá ń fi ìdajì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ìdajì ọjọ́ lọ́nà mẹ́rin ni. Ẹ ti ná ju ti olórí ẹ̀ka tó ń dá a ṣe lọ ní ìlọ́po méjì.

Olórí ẹ̀ka pẹ̀lú alákòóso

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, n ó sọ ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó pẹ̀lú.

Oníṣẹ́ abẹ ṣì ni olórí. Òun ló ní ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan wà tí kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀ka máa yí: ìṣúná owó, ọjà, ròsítà, ìgbani-sí-iṣẹ́, fáìlì, ìpàdé, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn àti pẹ̀lú yunifásítì. Mo ti rí i tí wọ́n mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ibi méjì. Àwọn kan ń mú un láàárín àwọn tó kọ́ ìṣàkóso. Àwọn mìíràn ń mú nọ́ọ̀sì àgbà tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ eyín, wọ́n á rán an lọ kọ́ ìṣúná owó. Bó bá jẹ́ èmi, nọ́ọ̀sì ni n ó mú. Ẹni tó mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára lidocaine tí kò ní adrenaline fi gbọ́dọ̀ wà ní sítọ̀ pẹ̀lú èyí tó ní in, kò ní jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́ lórí ìwé ọjà nítorí pé "oògùn kan náà ni." Ìṣirò owó ṣeé kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tí ojú nọ́ọ̀sì ti rí nídìí àga kò ṣeé kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ẹnì kan wà tó ń rí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn papọ̀ lójoojúmọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò ń bọ̀, nítorí náà kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ fún aláìsàn púpọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ irinṣẹ́ kan ti bàjẹ́, nítorí náà ó pe ẹni tó ń ṣe ròsítà kí àárọ̀ tó mọ́. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀: àyẹ̀wò Bowie-Dick, tó ń fi hàn bóyá ooru omi ń wọlé dé ibi gbogbo, láràárọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, àyẹ̀wò bóyá ẹ̀rọ ń pa kòkòrò lóòótọ́ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ó ní ìwé kan níbi tí gbogbo ẹran tó lọ sí láàbù wà, pẹ̀lú ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tó padà, àti ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́. Kì í ṣe òun ló máa sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni. Dókítà ló ni ìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé dókítà kò gbọdọ̀ rí ààyè gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí wọ́n. Owó oṣù gidi ni, bí ẹ bá sì fẹ́ ẹni tó dáńgájíá, ẹ kò lè fún un ní owó akọ̀wé. Èkejì, ìgbéyàwó ni láàárín àwọn méjèèjì, bí wọn kò bá sì gbọ́ ara wọn yé, ilé gbogbo á mọ̀. Bí olórí ẹ̀ka bá ń yí ìpinnu alákòóso padà níwájú àwọn òṣìṣẹ́, láàárín oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tó máa tún gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Mo rí ẹ̀ka kan tí wọ́n gba alákòóso tó mọṣẹ́, tí wọn kò sì fún un ní àṣẹ láti buwọ́ lu ohunkóhun. Ó di ẹni tó ń gbé fáìlì kiri láti yàrá dé yàrá, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gba ènìyàn: iye tó lè ná láìbéèrè, ìwé tó lè buwọ́ lù, ohun tí olórí ẹ̀ka kò gbọdọ̀ dá ṣe láìsọ fún un.

Ẹ̀kẹta, ta ló gbà á síṣẹ́? Bí ilé ìwòsàn bá ń san owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni yóò máa gbọ́. Bí yunifásítì bá ń san án, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti lè pín owó náà sí méjì, ó dára kí wọ́n pín in, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ ń dani láàmú.

Ọ́fíìsì àárín

Nínú ọ̀nà yìí, ẹ̀ka kò ní òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tirẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní fákọ́tì tàbí ní ilé ìwòsàn ló ń ṣe ìṣúná, ọjà, ìgbani-sí-iṣẹ́ àti ọjọ́ aláìsàn fún gbogbo ẹ̀ka: àwọn tó ń to eyín, àwọn tó ń wo eyín ọmọdé, àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá, àti ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ.

Kò sí ọ̀nà tó dà bíi tirẹ̀ nínú ríra ọjà. Ibọ̀wọ́, ìbòjú, abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń lò máa ń wá ní owó tó dínkù nígbà tí wọ́n bá rà á pọ̀. Bí ẹnì kan bá lọ, ẹlòmíràn á jókòó sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Owó rẹ̀ mọ́, ọ́dítọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Lórí ìbéèrè kẹfà, òun ló gba máàkì tó ga jù.

Àmọ́ iṣẹ́ abẹ kò jọ ìyókù, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kì í sì í rí ìyàtọ̀ náà. Wọ́n á fún yíyọ eyín tó há sínú egungun ní ìṣẹ́jú kan náà tí wọ́n fún dídí ihò eyín. Wọ́n á kọ ìlànà ńlá sórí iṣẹ́ kékeré láìtún un ṣe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìwé àyẹ̀wò ààbò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008. Ohun 19 ló wà nínú rẹ̀, a sì ń kà á nígbà mẹ́ta: kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn apàmọ̀lára, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, àti kó tó kúrò ní yàrá. Ìwé tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè bóyá wọ́n ti fi àmì sí ibi tí wọ́n fẹ́ gé, inki kò sì ṣeé fi sí eyín bí wọ́n ṣe ń fi sí orúnkún. Orí àwòrán egungun àti orí ìwé eyín ni wọ́n ti ń sàmì sí i. Bí ọ́fíìsì àárín bá kàn fi ìwé náà ránṣẹ́ bó ṣe wà, nọ́ọ̀sì á máa fa ìlà sí ibi tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Láìpẹ́, á máa fa ìlà sí ibi gbogbo láìkà á. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa tún un ṣe kó lè bá ibi iṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ́fíìsì àárín, àtúnṣe tó kéré jù gbọ́dọ̀ gba ìgbìmọ̀ kọjá.

Nípa èsì àyẹ̀wò ẹran, ẹ má fi lé wọn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ láìfi bò. Ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka mẹ́fà kò lè mọ̀ pé bébà kan láàárín ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ, kí ẹ má dààmú lórí ta ni. Sọ́fúwíà wà lóòótọ́. axiUm, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ eyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò, so iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ fáìlì aláìsàn, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí títí olùkọ́ á fi fọwọ́ sí i. Open Dental wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé ìtọ́jú eyín lásán ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ilé ìwòsàn ńlá náà lè ní ètò fáìlì tirẹ̀ tí wọ́n á fi dandan lé pé kí ẹ lò.

Gbogbo rẹ̀ dára, kò sì sí èyí tó dáhùn ìbéèrè wa. Kọ̀ǹpútà lè pariwo pé èsì ti dé. Bí ariwo náà bá ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́fà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ yan ènìyàn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ra ẹ̀rọ fún un. Àwọn tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ sábà máa ń parí rẹ̀ sí kí wọ́n tún máa kọ nǹkan sínú ìwé ńlá kan nítòsí kọ̀ǹpútà.

Ta ni kó mú èwo

Bí oníṣẹ́ abẹ yín kò bá ju mẹ́ta lọ, tí àga kò sì tó mẹ́fà, olórí ẹ̀ka pẹ̀lú akọ̀wé ti tó. Kò sídìí láti gba alákòóso tí kò ní rí iṣẹ́ tó kún ọ̀sẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fún akọ̀wé ní igbákejì, ó kéré tán ẹnì kan tó mọ ibi tí nǹkan wà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ìmọ̀ má bàa wà lórí ènìyàn kan.

Bí ẹ̀ka bá ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ tí aláìsàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí iṣẹ́ abẹ ńlá ń lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ pín iṣẹ́ láàárín àwọn olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ló máa jẹ gbogbo àǹfààní rẹ̀. Ẹ kàn fi òpin sí i: ọdún méjì tàbí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oṣù kan tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á jọ ṣe é. Èyí tí ẹ bá fi fún olùkọ́ tí kò fẹ́ ẹ, tó sì gbà á nítorí ìgbéga nìkan, ẹ ó rí i nínú àkọsílẹ̀ sítọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀ka tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, tó ń tọ́jú ẹni tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́ àti ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu, tó tún ní àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, kò yẹ kó máa jiyàn pẹ́. Ẹ gba alákòóso. Bí owó kò bá tó fún ẹni tuntun, ẹ wo inú àwọn nọ́ọ̀sì yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń wá ti wà nídìí àga kan láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí yunifásítì láti béèrè owó náà, ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹran mẹ́wàá tó dé kẹ́yìn, kí ẹ kọ ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí àlàfo àárín wọn bá ń dójú ti yín, ẹ fi ìwé yẹn sí iwájú lẹ́tà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan tó lágbára jù ú lọ níwájú ìgbìmọ̀ owó.

Ọ́fíìsì àárín dára fún fákọ́tì kékeré tí kò sí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ tó lè dá gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àti fún ibi tí owó ti ń sọnù tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́dítọ̀ kò fi ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ọjà, kí wọ́n san owó oṣù, kí wọ́n pa ìwé owó mọ́. Ọjọ́ aláìsàn iṣẹ́ abẹ, àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ irinṣẹ́ àti ìwé èsì láàbù ni kí ẹ dá dúró sọ́dọ̀ ara yín, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Bí fákọ́tì bá ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn gbọ́dọ̀ kó, tàbí àwọn kò ní kó ìkankan, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì padà sí akọ̀wé yín títí wọn yóò fi yí ọkàn padà.